Ẹni Tó Ni Ọkọ̀ Ni Kó Ha Ìpẹtà Rẹ̀

Òòfà kékeré kan, irú èyí táwọn èèyàn máa ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, lè tú àṣírí tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ kò ní í tú láéláé. Ẹ mú un lọ sídìí Péjò 404 tàbí 504 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí oòrùn ń tàn yanran lára rẹ̀, kẹ́ ẹ rọra máa gbé e káàkiri láti ibi iná iwájú títí dé ẹ̀yìn. Níbi tí irin bá wà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Tó bá wá dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, tàbí òkè táyà ẹ̀yìn, tí kò lẹ̀ mọ́, tó ń já bọ́ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irin ti jẹ tán níbẹ̀. Fílà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, ló kù. Bí fílà náà bá sì nípọn tó àtàǹpàkò, ẹni tó ra ọkọ̀ náà ti fi owó irin ra fílà.

Bouaké jẹ́ ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire ló wà, nǹkan bíi 350 kìlómítà sí Àbíjàn, lórí ilẹ̀ àwọn Baoulé. Rélùwéè dé ibẹ̀ ní 1912, àwọn oníṣòwò sì ń ti Mali, Burkina Faso àti ilẹ̀ Yorùbá wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ Èjìgbò àti ti Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Ànàgó, kì í ṣe àlejò ní orílẹ̀-èdè náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni wọ́n ti ń lọ, mọ́tò tó ń gbéra tààrà láti Èjìgbò lọ sí Àbíjàn sì wà títí dòní. Ohun tí ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ yóò kọ́kọ́ fi dúpẹ́ ní Bouaké ni pé òkun jìnnà síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń jẹ irin ní Àbíjàn, ní Kútọnu àti ní Èkó kì í dé ọ̀hún. Péjò kan tí ì bá ti jẹrà ní etí ọ̀sà lè wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ síbẹ̀.

Àmọ́ iyọ̀ òkun nìkan kọ́ ni ọ̀tá irin. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á há sábẹ́ mọ́gáàdì, á sì máa pa omi mọ́ra níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn tí ojú ọ̀nà ti gbẹ. Ogun náà tún dá sí i. Ní ọjọ́ 19, Oṣù Kẹsàn-án, 2002, ìṣọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Forces Nouvelles sì fi Bouaké ṣe ibùjókòó wọn títí di 2011. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọkọ̀ ń rìn láìní ìwé, ọ̀kadà tó ń gbérò gbilẹ̀ nígboro, ẹni tó sì sá kúrò nílùú kò lè gbé gbogbo ohun tó ní sá.

Òfin wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ní Oṣù Kejìlá 2017, ìjọba Côte d'Ivoire fòfin dè é pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tí wọ́n bá ń kó wọlé kò gbọdọ̀ dàgbà ju ọdún 5 lọ; òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Keje 2018. Wọ́n fẹ́ dín èéfín àti jàǹbá ọkọ̀ kù ni, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí fún ọkọ̀ àtijọ́ ni pé àwọn tó wà nílẹ̀ ló kù. Péjò 404 tí wọ́n bá gé lónìí fún àwọn tó ń ra àjákù irin, òmíràn kò ní í bá àwọn àlòkù tí wọ́n ń pè ní « France au revoir » wọlé láti rọ́pò rẹ̀.

Kí ló wá dé tí èèyàn fi máa yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí páànù tó ti lé ní àádọ́ta ọdún? Nítorí pé ọkọ̀ wọ̀nyí wà nínú ìtàn ibẹ̀ gan-an ni. Odò Bandama ní Côte d'Ivoire ló fún ìdíje ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Rallye Bandama lórúkọ. 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1972, ọ̀nà náà burú débi pé kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí ìdíje. Kò sẹ́ni tó gbégbá orókè. Ní 1978, wọ́n gba ìdíje náà wọ ìdíje àgbáyé, Jean-Pierre Nicolas ọmọ ilẹ̀ Faransé ló sì gbégbá orókè lọ́dún náà, Péjò 504 ló fi gbà á, oríṣi onílẹ̀kùn méjì tó ní ẹ́ńjìnì V6. Kì í ṣe ọkọ̀ awakọ̀ ìdíje nìkan ni 504. Òun náà ló gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, tó gbé òkú lọ sí abúlé, tó gbé àwọn tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú ẹrù tó ga jù ú lọ lórí.

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dọ̀tun ni kò dára. Wọ́n máa ń fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn fín ọ̀dà, nítorí ibẹ̀ ni ẹwà ti ń yọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ya fọ́tò. Iṣẹ́ irin híha, iṣẹ́ eruku, iṣẹ́ ká dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kí ìdọ̀tí máa já luni lójú, wọ́n á gbé ìyẹn fún páńẹ́bítà, tí wọ́n ń pè ní tólíyè ní Côte d'Ivoire. Òdì-kejì ló yẹ kó jẹ́. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ gba iṣẹ́ ìdọ̀tí, kó fi ọ̀dà ìkẹyìn sílẹ̀ fún ẹni tó fi í jẹun.

Ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ páńẹ́bítà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò kéré. Ẹ wo ọ̀kan tó mọṣẹ́ nídìí mọ́gáàdì tó wó. Kì í dédé bẹ̀rẹ̀ sí í lu kòtò. Yóò kọ́kọ́ fi àkísà sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, yóò sì fi ọwọ́ pa ara páànù náà gbọọrọ, nítorí pé ọwọ́ máa ń mọ ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀ kí ojú tó rí i. Lẹ́yìn náà, yóò ti irin kan tó wúwo, tó sì tẹ̀ díẹ̀, sẹ́yìn kòtò náà. Òòlù rẹ̀ kì í ba kòtò: etí rẹ̀ tó yọ sókè ló ń lù, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìlù kan lé òmíràn, títí etí náà yóò fi máa sọ̀kalẹ̀ tí kòtò yóò sì máa gòkè wá pàdé rẹ̀. Bó bá lù ú jù, irin á fẹ̀, á máa ró pọ́ọ̀ bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò sì sí bó ṣe lè tẹ́jú mọ́ àfi kó fi iná mú ojú kan kó pọ́n, kó sì fi àkísà tútù pa á lójijì kó lè sún kì. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún ni ọmọọṣẹ́ ń lò nídìí rẹ̀.

Ìpẹtà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ ẹ̀bùn, sùúrù ló ń fẹ́. Sùúrù gan-an sì ni ohun tí oníbàárà kì í sanwó fún. Ẹni tó gbé ọkọ̀ wá ní ọjọ́ Ajé fẹ́ gbé e lọ sí ìgbéyàwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò sì sí oníbàárà tó ń dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ kó tó kówó sílẹ̀. Ohun tó bá rí lóòró ló ń sanwó fún. Kí ni kí páńẹ́bítà ṣe? Yóò ha ibi tí ojú lè tó, yóò rọ fílà dí ihò, yóò sì sọ gbólóhùn tí gbogbo ẹni tó ti gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn rí ti gbọ́: « Ọ̀gá, ẹ má dààmú, fílà á bò ó. » Òótọ́ ló sọ. Á bò ó títí di òjò ọdún tó ń bọ̀.

Bí ọ̀dà bá lé ròrò kékeré ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn 504, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìta ló ti bẹ̀rẹ̀. Inú ló ti ń bọ̀. Omi òjò máa ń gba etí gíláàsì wọnú ilẹ̀kùn, ó sì ní ihò kéékèèké ní ìsàlẹ̀ tó yẹ kó gbà jáde; eruku àti ewé ti dí àwọn ihò náà pa, omi wá jókòó sínú. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, àyè tó ń gbà máa ń pọ̀ ju ti irin tó jẹ lọ ní ìlọ́po mélòó kan, ìdí nìyẹn tó fi ń ti ọ̀dà sókè. Ẹ ti síkírù díráfà bọ ròrò náà. Bí kò bá wọlé, ẹ kú oríire. Bó bá wọlé ṣọ́ọ́, ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin tóbi ju ohun tí ojú rí lọ. Páànù ara ọkọ̀ kò sì nípọn ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ. Kò ní ohun tó lè fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìpẹtà.

Iṣẹ́ tó kàn nìyí, iṣẹ́ onílé, ìyẹn ẹni tó ni ọkọ̀. Ká fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà líle ha á títí irin yóò fi funfun, ká sì máa ha lọ kọjá ibi tí ìpẹtà pin sí, títí a ó fi kan irin tó le koko ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá ti wọ ojú ihò wẹ́wẹ́ irin lọ, tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè mú jáde, ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ ìpẹtà lè sọ ọ́ di èèpo tó le, tí kò ní í máa jẹ lọ mọ́. Kò lè wo èyí tó ti yí pọ́n-ún-pọ́n-ún sàn. Àwọn tó ń tà á máa ń gbàgbé láti sọ ìyẹn. Ká tún la ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tó dí. Ká wá fi páráímà bò ó lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé irin tó wà ní ìhòòhò mọ́jú ní ìgbà òjò á ti pọ́n kí àkùkọ tó kọ. Èwo nínú rẹ̀ ni olùkọ́, akọ̀wé báńkì tàbí oníṣòwò aṣọ kò lè ṣe? Ó kàn ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí ni, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí tọ́jú ọkọ̀ bí ẹni tó ni ín.

Níbi tí irin bá ti jẹ tán, kí olúwarẹ̀ jẹ́wọ́, kó pe páńẹ́bítà. Péjò 404, tí ilé-iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ya àwòrán rẹ̀, tó jáde ní 1960, kò ní férémù lọ́tọ̀ lábẹ́: ara ọkọ̀ náà gan-an ni egungun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni 504 tó jáde ní 1968, tó sì gba oyè ọkọ̀ tó pegedé jù ní Yúróòpù fún 1969. Irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, tí a máa ń dá ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ká tó jókòó, ló so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá gé e láìfi irin dá ọkọ̀ náà dúró, ilẹ̀kùn kò ní í pa dé mọ́ láyé. Ọ̀pọ̀ páńẹ́bítà etí títì ṣì ń fi gáàsì jó irin, gáàsì tí wọ́n ń fi òkúta kábáìdì àti omi pò. Iná rẹ̀ ń tàn ká, páànù tẹ́ẹ́rẹ́ sì tètè máa ń ká kò bí ooru bá pọ̀ lójú kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á fi í tò ó ní tótótó, á jó ìwọ̀nba níhìn-ín, á fò lọ sí apá kejì, á fi àkísà tútù pa á. Iṣẹ́ ẹni tó ni ọkọ̀ nígbà náà ni kó ti tú táǹkì epo, rọ́gì, àga àti wáyà kúrò kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná. Nídìí táǹkì ni kò ti gbọdọ̀ sí « ó ti gbẹ, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ »: òórùn epo tó kù nínú táǹkì tó gbẹ ló ń bú gbàmù.

(Ẹni tí ilẹ̀kùn 504 rẹ̀ bá ti kọjá àtúnṣe, kó rántí Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975, wọ́n sì ń to 504 títí di nǹkan bí ọdún 2005, nígbà tí ilẹ̀ Faransé ti gbàgbé rẹ̀ tipẹ́. Ilẹ̀kùn tó ṣì mọ́ wà nínú ọgbà àwọn èèyàn nílé. Mọ́tò Èjìgbò náà ń gbé ẹrù.)

Fílà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Bí páńẹ́bítà bá ti lu páànù títí tó fi kù díẹ̀ kó tẹ́jú, fílà tó tẹ́ẹ́rẹ́, mílímítà 2 tàbí 3, á dí ohun tó kù, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Lórí irin tó mọ́, tí a ti fi sáńpépà ha dáadáa, ni kó ti jókòó. Hádínà rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí ìdá 2 tàbí 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn tó ń kánjú máa ń fi púpọ̀ sí i kó lè tètè le. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àbàwọ́n á yọ gba àárín ọ̀dà tuntun jáde, wọ́n á sì máa bá ẹni tó ta ọ̀dà jà. Fílà ń mu omi. Èyí ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ihò tí a fi fílà dí láti iwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí ẹrẹ̀ táyà, ti di ibi tí omi ń sùn sí.

Lẹ́yìn páráímà ni iṣẹ́ mìíràn wà tó yẹ kí onílé má gbé fún ẹnikẹ́ni: yíyọ sáńpépà. Ohun tó ń fi ọkọ̀ tó tẹ́jú hàn yàtọ̀ sí èyí tó rí gbágungbàgun kì í ṣe ọ̀dà, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ọ̀nà kan wà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń gbà. Wọ́n á fín ọ̀dà dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí páráímà eérú, kó kàn wọ́n ọn lára ni, kì í ṣe kó bò ó. Wọ́n á wá fi sáńpépà wé pákó tó tẹ́jú, wọ́n á fi omi sí i, wọ́n á máa yọ ọ́ ní ìdábùú. Ibi tó bá ga, dúdú á lọ kíá. Ibi tó bá rẹlẹ̀, dúdú á dúró síbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ kò ní í fi ìka ti sáńpépà bọ kòtò kó lè pa dúdú náà rẹ́. Yóò padà fi páráímà kún un, yóò sì tún un yọ. Nọ́ńbà 320, ó di 600, ó di 1000. Apá á ro ni. Iṣẹ́ yìí ni páńẹ́bítà tó ní ọkọ̀ mẹ́fà nílẹ̀ máa ń fún ọmọọṣẹ́ tó dé láàná.

Ọ̀dà wá kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ọ̀dà ọkọ̀ kan tó gbẹ tán. Ní nǹkan bí 1923 sí 1924, DuPont àti General Motors ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀dà Duco jáde, tó ń gbẹ láàárín wákàtí mélòó kan, tó sì ṣeé ṣe ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ìdílé ọ̀dà sẹ́lúlósì nìyẹn. Sẹ́lúlósì kò le mọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Tínà máa ń tú u bó tilẹ̀ ti gbẹ, nítorí náà bó bá ṣàn tàbí tí eṣinṣin bà lé e, a lè yọ ọ́ ká tún un fín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ọ̀dà tó wà lára ọkọ̀ rẹ̀, kó fi tínà díẹ̀ sára àkísà, kó sì fi pa ibi kọ́lọ́fín kan. Bí àwọ̀ bá bá àkísà wá, ọ̀dà irú sẹ́lúlósì ni. Bí kò bá wá, tàbí tó hunjọ, kó má ṣe fín sẹ́lúlósì lé e lórí láìbi ẹni tó mọ̀, nítorí tínà rẹ̀ lè ta ọ̀dà ìsàlẹ̀ jí kí gbogbo rẹ̀ sì ká kò.

Ọ̀dà oní-hádínà tó gbòde báyìí, tí wọ́n ń pè ní 2K, ni kí onílé má fọwọ́ kàn rárá. Ó le, ó ń dán, oòrùn kì í tètè pa á. Ṣùgbọ́n hádínà rẹ̀ ní isocyanate nínú, ó sì wà lára àwọn ohun tó ń fa ikọ́ fée jù lọ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ní Britain. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í jẹ́ kí wọ́n fín in níbẹ̀ àfi nínú yàrá tí fáànù ń fa èéfín jáde, kí ẹni tó ń fín in sì máa mí afẹ́fẹ́ mímọ́ tí rọ́bà ń gbé wá fún un láti ibòmíràn. Ìkùukùu rẹ̀ kò ṣeé rí tán, imú kì í sì í tètè gbọ́ òórùn rẹ̀ kó lè kìlọ̀ fúnni. Ìbòmú aláṣọ tí gbogbo ayé lò nígbà kòrónà kò lè dá a dúró. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti ń fín in ní ọ̀pọ̀ ìlú wa: ìta gbangba ni, ẹni tó ń ta ìrẹsì wà ní ìsọ̀ kejì, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló yẹ kí àwọn aláṣẹ ìlú Bouaké, àti ti Ìbàdàn, gbé yẹ̀ wò kí wọ́n tó máa ka iye ọdún tí ọkọ̀ kan ti lò.

Ìbéèrè kan wà tó yẹ ká dáhùn: ṣé olúwarẹ̀ kò ní í gba oúnjẹ lẹ́nu páńẹ́bítà báyìí? Rárá. Irin híha àti sáńpépà yíyọ ni wákàtí tí páńẹ́bítà ń pàdánù lé lórí, nítorí pé oníbàárà kò gbà láti san owó rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní mímọ́, ohun tí yóò gbowó lé lórí ni ohun tó kọ́ fún ọdún púpọ̀: òòlù, iná, ọ̀dà. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ sì má ná an lówó bí ẹni ń ra tòmátì.

Ìbéèrè kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn ni kò parí. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n: èyí tó wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lẹ́yìn ilé, tí adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń pa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìtara ọjọ́ àkọ́kọ́. Èèyàn á tú ọkọ̀ palẹ̀ pátá, á ha gbogbo rẹ̀, á fi páráímà bò ó, owó á tán, òjò á dé. Irú páráímà tó nípọn tí wọ́n ń fi sáńpépà yọ kì í ṣe ọ̀dà. Omi ń gbà á kọjá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nínú òjò, ìpẹtà á ti padà sábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ gbogbo á sì di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ká mú páànù kan lẹ́ẹ̀kan, ká parí rẹ̀, ká tó kan òmíràn, ìyẹn ló bọ́gbọ́n mu. Fún ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí, Volkswagen oníjàpá ló dára jù láti fi kọ́ṣẹ́, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní 1975: bóòtù ni wọ́n fi de mọ́gáàdì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èèyàn lè tú ọ̀kan, kó gbé e lé orí tábìlì, kó sì jókòó tì í.

Àfikún kan tún wà, tí àwọn tó fẹ́ràn kí nǹkan máa dán kì í fẹ́ gbọ́. Kì í ṣe gbogbo àpá ló yẹ ká pa rẹ́. Ní National Museum tó wà ní Oníkàn, ní Èkó, Mercedes dúdú tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà, sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13, Oṣù Kejì, 1976, wà níbẹ̀ títí dòní, pẹ̀lú ihò ìbọn lára rẹ̀. Páńẹ́bítà kan lè dí àwọn ihò náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ̀ náà á sì di Mercedes lásán. Bí ọkọ̀ kan ní Bouaké bá gba irú àpá bẹ́ẹ̀ láàárín 2002 sí 2011, kí ẹni tó ni ín ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó pe onífílà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ẹ tú aṣọ inú ilẹ̀kùn, ẹ ṣí rọ́gì, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: àwọ̀ tí ọkọ̀ náà gbé jáde ní ilé-iṣẹ́ Péjò ní Sochaux, ní ilẹ̀ Faransé, ṣì wà níbẹ̀, funfun, eérú, búlúù. Ẹni tó bá fi ọ̀dà góòlù tó ń tàn wínníwínní kun 404 ọdún 1965 ti wọ aṣọ ọkọ ìyàwó fún bàbá àgbà. Ní Nàìjíríà, àwọ̀ ọkọ̀ tún wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá yí i padà ní láti yí ìwé náà padà pẹ̀lú.

Ó kù kí a mọ ìgbà tí a ó fín in. Òjò Bouaké máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí Oṣù Kẹta, ó máa ń le ní Oṣù Kẹfà àti Oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ìgbà yẹn, bí wọ́n bá fín sẹ́lúlósì, tínà tó ń gbẹ lọ á mú kí ojú páànù tutù, ìrì inú afẹ́fẹ́ á bà lé e, ọ̀dà dúdú á sì funfun bí ẹni da eérú sí i. Láti Oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ti dé pẹ̀lú eruku rẹ̀, tí kò mọ ilẹ̀kùn, tí kò mọ fèrèsé; bí wọ́n tilẹ̀ wọ́n omi sílẹ̀, díẹ̀ á ṣì bà lé ọ̀dà tútù. Àárín méjèèjì ni Oṣù Kọkànlá wà. Ẹni tó bá lo ìgbà òjò fún irin híha àti sáńpépà lábẹ́ ìbòrí, kó lọ bá pẹ́ńtà sọ̀rọ̀ láti Oṣù Kẹwàá, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló mọ̀ pé oṣù yẹn ló dára, Kérésìmesì sì ti ń bọ̀.